ỌMỌ EHORO TÍ Ń GÉ ÈNÌYÀN JẸ: OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE



Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń sin ehoro lóde òní. Àwọn kan ń sìn ín fún jíjẹ àti títà. Àwọn mìíràn rà á fún àwọn ọmọ wọn kí wọ́n lè ní ohun ẹlẹ́mìí kan tí wọn yóò máa tọ́jú. Irun ehoro rọ̀ bí òwú, kì í pariwo, ojú rẹ̀ sì tutù. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń ya ènìyàn lẹ́nu nígbà tí ọmọ ehoro tí a rà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí gé ọmọ ẹni ní ìka jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe sábà máa ń rí. Ọmọ ọdún 6 na ọwọ́ sínú àgò láti gbé ehoro rẹ̀. Ehoro gé e ní ìka, ẹ̀jẹ̀ yọ. Bàbá ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹran náà yóò wọ ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá àgbà ní kí a bu epo pupa sí ojú egbò. Ọmọ ń sunkún, kì í ṣe nítorí ìka rẹ̀ bí kò ṣe nítorí ehoro. Nígbà tí ehoro bá tún gé e jẹ lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ náà yóò pa á mọ́ra. Yóò ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí ìka náà yóò fi wú. Ibí yìí gan-an ni ewu wà. Egbò kékeré tí ehoro dá síni lára kì í sábà di ohun ńlá. Èyí tí a fi pamọ́, tí a kò sì fọ̀, ni ó ń di ohun ńlá.

Nínú ìwé yìí, a ó ṣàlàyé ìdí tí ọmọ ehoro fi ń géni jẹ, ìtọ́jú tí ó yẹ kí a fún ẹni tí ó gé jẹ, àti ọ̀nà tí a lè gbà tọ́ ẹranko náà kí ó jáwọ́ nínú ìwà yìí.

IRÚ ẸRANKO WO NI EHORO?

Ehoro ilé tí à ń sìn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ehoro oko tí àwọn ọdẹ wa mọ̀. Ilẹ̀ Sípéènì àti agbègbè rẹ̀ ní Yúróòpù ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ehoro oko ń bí ọmọ tí ó ti hurun, tí ojú rẹ̀ sì ti là. Ṣùgbọ́n ehoro ilé ń bí ọmọ rẹ̀ ní ìhòòhò sínú ihò tàbí ìtẹ́, ojú wọn kì í sì í là títí di nǹkan bí ọjọ́ 10. Inú ihò ni ààbò rẹ̀ wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ilé wa lónìí, àgò ni ó dípò ihò náà.

Ehoro kì í pa ẹranko mìíràn jẹ. Òun ni àwọn ẹlòmíràn ń pa jẹ. Ajá, ológbò, ejò àti àṣá ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, kí ó lè máa rí ọ̀tá tí ń bọ̀ láti ẹ̀yìn àti láti òkè. Síbẹ̀, kò lè rí ohun tí ó wà ní ọ̀gangan iwájú imú rẹ̀ àti lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Bí ọwọ́ bá yọ sí i níbẹ̀ lójijì, kò mọ̀ bóyá ewé ni tàbí ọ̀tá. Eyín rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi wádìí.

Eyín 28 ni ehoro ní. Àwọn ti iwájú mú bí abẹ, wọn kì í sì í ṣíwọ́ dídàgbà títí ẹranko náà yóò fi kú. Wọ́n lè gùn ní nǹkan bí mìlímítà 2 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà ni ehoro fi gbọ́dọ̀ máa rún nǹkan ní gbogbo ìgbà kí eyín náà má baà gùn jù.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń GÉNI JẸ

Àwọn àgbà wa ní bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ehoro kì í ṣàdédé gé ènìyàn jẹ. Ẹ wo àwọn ìdí wọ̀nyí, kí ẹ sì mọ èyí tí ó jẹ mọ́ tiyín:

1. Ó ń tọ́ nǹkan wò. Ọmọ ehoro ń fi ẹnu mọ ayé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọwọ́ ti ń ṣe. Bí ìka bá ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà, yóò rò pé oúnjẹ ni.

2. Ẹ̀rù ń bà á. Ọwọ́ tí ó bá ti òkè wá já lu ẹ̀yìn rẹ̀ jọ èékánná àṣá lójú rẹ̀.

3. Ó ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ehoro tí ó jẹ́jẹ́ níta ni í máa bínú bí a bá ki ọwọ́ bọ inú àgò rẹ̀, pàápàá nídìí oúnjẹ.

4. Ó fẹ́ kí a gbé òun sílẹ̀ tàbí kí a yà fún òun. Èyí kì í sábà dá egbò. Ó kàn ń fi eyín tọ́ni ni.

5. Nǹkan ń dùn ún. Etí tí ó ní ìpẹ́pẹ́, eyín tí ó gùn jù, tàbí ẹsẹ̀ tí wáyà àgò ti bó lè mú kí ehoro tí kì í géni jẹ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gé ènìyàn jẹ.

6. Wọ́n tètè gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ ehoro gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 8 ni ó sì dára jù, kí a tó gbé e lọ sí ilé mìíràn. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí eyín ṣe ń dun ẹlòmíràn.

7. Ó ti ń dàgbà. Láàárín oṣù 4 sí 6, akọ àti abo a máa bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹnì kejì. Akọ a máa yí ẹsẹ̀ ènìyàn ká, a sì máa gé e jẹ. Abo lè máa fa irun àyà rẹ̀ tu fún ìtẹ́, kí ó sì máa lé ènìyàn bí ẹni pé ó lóyún, bí kò tilẹ̀ lóyún. Irú oyún ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ kì í ju ọjọ́ 16 sí 18 lọ, nígbà tí ojúlówó oyún ehoro jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 31.

BÍ EHORO BÁ GÉ ÈNÌYÀN JẸ

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ehoro. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gé jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi ife da omi mímọ́ sí i. Ìṣẹ́jú 15 pẹ́ lójú ọmọdé tí ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dín in kù. Lẹ́yìn náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń yọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dá. Ẹ fi báńdéèjì tàbí aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ má sì so ó le jù.

Ẹ má ṣe fi epo pupa, kẹrosíìnì, eérú, ìgbẹ́ màlúù, ata lílọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí ojú egbò. Ẹ má ṣe tú ẹ̀tù inú kápúsù sí i. Egbò tí a da ẹ̀tù kápúsù sí lè dà bí ẹni pé ó ti gbẹ lójú, kí ó sì máa gba ọyún nísàlẹ̀. Oògùn tí ó bá yẹ, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni kí ó sọ ọ́.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an bí:

– egbò náà bá jìn, tàbí tí ó bá wà ní ojú, ní ọrùn, tàbí ní oríkèé ìka;
– ẹni tí ó gé jẹ bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, arúgbó, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde;
– kò bá dá yín lójú pé ẹni náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára bí ó ti yẹ.

Bí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń ta ẹni náà, bí ọyún bá ń jáde, bí ìlà pupa bá ń gun apá lọ, bí kókó bá sọ lábẹ́ abíyá, tàbí bí ibà bá dé, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Àwọn kòkòrò àrùn kan wà ní ẹnu ehoro tí wọ́n lè mú kí ọwọ́ wú láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní ti àrùn ipá, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹranko ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, egbò kékeré sì tó o wọlé. Ó ń mú kí ẹnu há, kí gbogbo ara sì le gan-an. Ó sì ń pani. Abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń gbà nígbà tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ní ààbò àrùn yìí nínú, ṣùgbọ́n ààbò náà ń dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí náà, ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí egbò bá dọ̀tí, tí ó sì ti ju ọdún 5 lọ tí ẹni náà ti gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé wọn yóò fún un ní òmíràn.

Àwọn òbí a máa béèrè nípa àrùn dìgbòlugi. Ajá ni ó ń fi àrùn yìí ran ènìyàn jù lọ ní ilẹ̀ wa. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ehoro ní in. Bí ajá tàbí ẹranko ìgbẹ́ kan bá ti bu ehoro náà jẹ tẹ́lẹ̀, tí ìṣe rẹ̀ sì yí padà, ẹ sọ fún dókítà láìfi ohunkóhun pamọ́.

BÍ A ṢE Ń TỌ́ EHORO KÍ Ó JÁWỌ́

Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Oṣù àkọ́kọ́ tí ọmọ ehoro dé ilé yín ni àkókò tí ó rọrùn jù láti tọ́ ọ.

Ẹ má ṣe nà án. Ẹ má ṣe ta á ní ìka nímú, ẹ má sì ṣe jù ú sílẹ̀. Ẹranko tí ń bẹ̀rù ni. Bí a bá nà án, a ti fún un ní ìdí mìíràn láti gé wa jẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ jẹ́ kí ó jáde fúnra rẹ̀ láti inú àgò sínú yàrá tí a ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, kí ẹ jẹ́ kí ó wá gbóòórùn yín. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ní òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́ tó, nítorí pé ìgbà wọ̀nyí ni ara ehoro máa ń yá jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa fi ewé gígùn fún un lọ́wọ́, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí ìka. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín kí òórùn oúnjẹ má bàa wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ máa fi ọwọ́ pa á lórí àti lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ọwọ́ ti wá, níbi tí yóò ti rí i, kì í ṣe ọ̀gangan iwájú imú. Bí ó bá dorí kọlẹ̀ tí ó sì dúró jẹ́jẹ́, inú rẹ̀ dùn sí i.

Bí ó bá gé yín jẹ lásìkò yìí, ẹ ké "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ohùn tínrín. Báyìí ni ọmọ ehoro ṣe ń ké nígbà tí nǹkan bá dùn ún, òun náà yóò sì gbọ́ ọ yé. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró jẹ́ẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó yọ ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ó bá géni jẹ ni a ń sáré gbé e sílẹ̀, yóò kọ́ pé eyín ni a fi ń pàṣẹ.

Ó sàn kí a ti rí àmì ìbínú kí eyín tó dé. Bí ehoro bá tẹ etí mọ́ ẹ̀yìn, tí ó na ìrù sókè, tí ó ń kùn, tàbí tí ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, ohun tí ó ń sọ ni pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀." Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń lọ eyín mọ́ra wọn kíkankíkan, tí ó ká gúlọ́, tí kò sì jẹun, ìrora ni. Ehoro tí kò bá jẹun fún odidi ọjọ́ kan wà nínú ewu. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

BÍ A ṢE Ń GBÉ E

Ẹ má ṣe fa ehoro ní etí láé. Etí kì í ṣe ọwọ́ ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ìgéjẹ ni ó ti ibí yìí wá, nítorí ìrora náà pọ̀.

Ẹ fi ọwọ́ kan sí abẹ́ àyà rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbá a mọ́ àyà yín kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà rọ̀ ní òfuurufú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro lágbára, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọrùn láti ṣẹ́. Bí ó bá ta ìpá lójijì nígbà tí a kò gbé ìdí rẹ̀ dáadáa, ó lè kán ara rẹ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, àwọn ọmọ kéékèèké kò gbọ́dọ̀ dá gbé e lórí ìdúró. Kí wọ́n jókòó sórí ẹní, kí àgbàlagbà sì gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀.

ILÉ ÀTI OÚNJẸ

Àgò tí ó há ń mú kí ehoro kanra. Ó yẹ kí ó lè nà tán gbọọrọ níbẹ̀, kí ó fò díẹ̀, kí ó sì ní igun kan tí ó ṣókùnkùn tí yóò máa sá sí. Bí gbogbo ìsàlẹ̀ àgò bá jẹ́ wáyà, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tàbí koríko gbígbẹ sí apá kan fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibòji ni kí àgò wà, nítorí pé ooru tí ó bá ju ìwọ̀n 30 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ ń yọ ehoro lẹ́nu púpọ̀. Omi mímọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n níbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an, òun ni ó sì ń mú kí eyín máa jẹ. Ẹ fi ewé ọ̀dùnkún àti ewé yúnyún kún un. Ẹ má ṣe já koríko níbi tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko tàbí tí ajá ń tọ̀ sí. Kárọ́ọ̀tì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́ ìpanu lásán. Ègé kékeré tó. Ẹ fún un ní igi tútù tí kò ní oró, bíi ẹ̀ka máńgòrò, kí ó máa rún un.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbá àgò, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ehoro jáde. Ìyípadà kékeré yìí nìkan ti tó láti fòpin sí ìgéjẹ ní ọ̀pọ̀ ilé.

BÍ Ó BÁ TI DÀGBÀ

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ehoro pé oṣù 4 sí 6 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí géni jẹ, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè gbà yín nímọ̀ràn láti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó bímọ. Dókítà nìkan ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é, pẹ̀lú oògùn ìsunra. Àwọn ilé ìwòsàn ẹranko wà lábẹ́ ìjọba, Yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta sì ní tiwọn pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ìwà náà kò sì yí padà, ẹ lè fi ehoro náà fún ilé tí kò ní ọmọ kékeré. Bí ẹ bá sì pinnu láti pa á, ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọ. Ẹ má ṣe pa á ní ìkọ̀kọ̀ kí ẹ wá sọ pé ó sá lọ. Ehoro tí ń ṣàìsàn, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn, kò ṣe é jẹ títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A SỌ FÚN ÀWỌN ỌMỌ

Ẹ kọ́ wọn ní òfin mẹ́rin yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n há a sórí:

– A kì í ki ọwọ́ bọ àgò nígbà tí àgbàlagbà kò sí nítòsí.
– A kì í jí ehoro tí ń sùn, a kì í sì í fà á ní etí.
– A ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan ehoro tàbí àgò rẹ̀. Làpálàpá wà lára ohun tí ehoro lè kó ran ènìyàn.
– Bí ó bá géni jẹ, a ń sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Òfin kẹrin yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, ọwọ́ ẹ̀yin òbí ni ó sì wà. Ọmọ kò ní sọ bí ó bá mọ̀ pé ìyà ni yóò tẹ̀lé e, tàbí pé ẹ̀mí ehoro òun ni yóò bá a lọ. Nítorí náà, ẹ ṣèlérí fún un pé, "Bí o bá sọ fún mi, mi ò ní nà ọ́, mi ò sì ní tìtorí ìyẹn pa ehoro rẹ." Kí ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé òun lè mú ìka tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára rẹ̀ wá bá ìyá òun ní ilé ìdáná láìbẹ̀rù yóò mú ohun tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wá bá a lọ́jọ́ iwájú.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú nípa egbò tàbí àjẹsára, ẹ tọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní àdúgbò yín lọ.